Pọ́ọ̀lù ìlúwẹ̀ẹ́ kọnkéré onírin nígbà àtúnṣe ilé: kí ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣe, kí ló sì máa ń bà á jẹ́?

Ará Sangótẹ̀dó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. A ń tún ilé kan ṣe ní Sangótẹ̀dó, lójú ọ̀nà Ajah sí Ẹ̀pẹ́. Òrùlé ń yí padà, wáyà àti páìpù ń yí padà, a sì fẹ́ gbẹ́ pọ́ọ̀lù sí ẹ̀yìnkùlé: mítà 8 sí mítà 4, kí omi rẹ̀ jìn ní mítà 1.2 lápá kan, 1.8 lápá kejì. Láti ibẹ̀ sí ìpìlẹ̀ ilé tó nǹkan bíi mítà 3. Bíríkìlà wa ní búlọ́ọ̀kù íńṣì 9 ti tó, pé ká rọ kọnkéré sínú ihò rẹ̀ ká sì fi wọ́tàpúrúùfù rẹ́ ẹ. Ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀? Kí ni kí n rà, báwo ló ṣe máa pọ̀ tó, kí ni kí n máa ṣọ́?

Ẹnjiníà Ètí-Òdò
Ẹ kú iṣẹ́. Ní Sangótẹ̀dó, ẹ má gbọ́ ti búlọ́ọ̀kù rárá. Ká ní orí òkè tó gbẹ ni, tí pọ́ọ̀lù náà kò jìn, à bá jọ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Yanrìn ni ilẹ̀ yín, omi abẹ́ ilẹ̀ sì máa ń gòkè wá sítòsí ojú ilẹ̀ nígbà òjò. Gbogbo oríta tí búlọ́ọ̀kù kan ti pàdé èkejì ni omi lè gbà wọlé tàbí jáde, wọ́tàpúrúùfù tí ẹ bá sì fi rẹ́ inú kò lè dúró de omi tó ń ti ògiri láti ẹ̀yìn. Yóò wú, yóò sì ṣí kúrò lára ògiri.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nìyí, àwọn tó ń kọ́ pọ́ọ̀lù kì í sì í fẹ́ sọ ọ́: pọ́ọ̀lù tó ṣófo máa ń léfòó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tí ògiri bá nípọn ní mílímítà 225, tí fulọ́ọ̀ jẹ́ 200, ìwọ̀n ìta rẹ̀ á jẹ́ mítà 8.45 sí 4.45. Kọnkéré gbogbo rẹ̀ á tó kúbíkì mítà 16.8, ìwúwo rẹ̀ á sì jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 40. Tí omi ilẹ̀ bá ga dé ibi tí omi pọ́ọ̀lù máa ń dé, agbára tí yóò fi máa tì í sókè á tó tọ́ọ̀nù 64. Omi tó wà nínú pọ́ọ̀lù yín, kúbíkì mítà 48, ìyẹn tọ́ọ̀nù 48, ló ń dì í mú. Ẹ fa omi yẹn jáde láàárín Oṣù Kẹfà kí ẹ lè fọ táìlì: tọ́ọ̀nù 24 ló kù tí kò sí ohun tó dì í. Apá kan á gbé sókè, páìpù á já, interlock (búlọ́ọ̀kù tí a tẹ́ sílẹ̀) tó yí i ká á sì dìde. Kì í sábà padà sísàlẹ̀ tó bá ti gbéra, torí yanrìn á ti ṣàn wọ abẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí fulọ́ọ̀ yọ síta ju ògiri lọ ní mílímítà 400 yíká, kí yanrìn tí ẹ bá dà padà lè jókòó lé e lórí. Ìyẹn nìkan á fi nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 19 kún ìdìmú rẹ̀. Ẹ sọ fulọ́ọ̀ náà di 300, á lé tọ́ọ̀nù 24 yẹn díẹ̀. Díẹ̀ kò tó fọkàn balẹ̀, ẹ tún wo ohun tí mo kọ nípa páìpù ìṣọ́ omi nísàlẹ̀. Ẹnjiníà tó ń bẹ lórí iṣẹ́ yín ni kó fọwọ́ sí ìṣirò ìkẹyìn lẹ́yìn àyẹ̀wò ilẹ̀. Ìyọ̀ǹda ètò ìkọ́lé, ọ̀dọ̀ LASPPPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń fúnni ní ìyọ̀ǹda ìkọ́lé, ni ẹ ó ti gbà á, LASBCA, àjọ Èkó tó ń ṣọ́ ilé kíkọ́, ló sì ń wá yẹ iṣẹ́ wò ní ìpele ìpele. Pé ẹ ń tún ilé ṣe kò yọ yín sílẹ̀.

Bíríkìlà Àgbà
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Kí ẹ tó dé ìdí kọnkéré, ẹ to iṣẹ́ ilé yẹn dáadáa. Ẹ gbẹ́ pọ́ọ̀lù kí ẹ tó mọ fẹ́ńsì ẹ̀yìn tán, kí ẹ tó fi interlock sílẹ̀, kí ẹ tó kun ilé. Yẹ̀ẹ̀pẹ̀ tó máa jáde lé ní kúbíkì mítà 100, tó bá sì ti tú, á wú sí nǹkan bíi 140. Tipper 12 sí 14 nìyẹn. Tí katakata kò bá rí ọ̀nà gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ọwọ́ ni ẹ ó fi kó o, owó rẹ̀ á sì pa yín lára. Ẹ mọ ibi tí sókáwéè àti páìpù ìgbẹ́ gbà kọjá kí ẹnikẹ́ni tó ki ṣọ́bìrì bọlẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ká gbẹ́ ẹ, láti Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì.

Ẹnjiníà Ètí-Òdò
Ẹ ṣé o, bàbá. Nípa ìpìlẹ̀ ilé: tó bá jìn ní mítà 0.9, tí ihò pọ́ọ̀lù jìn ju mítà 2 lọ lápá ibi jíjìn, ẹ fojú inú fa ìlà kan láti ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀ wá sísàlẹ̀ ní dígírì 45. Ihò kò gbọ́dọ̀ gé ìlà yẹn. Mítà 3 tẹ́ ẹ ní gba èyí lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Àmọ́ yanrìn tó tutù máa ń yọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà ẹ fi irin pẹlẹbẹ tàbí pákó tó nípọn ti ẹ̀gbẹ́ ihò tó kọjú sí ilé kí ẹ tó máa jìn sísàlẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ ìfami. Bí wọ́n bá kàn ju ẹnu páìpù sínú ihò tí wọ́n sì ń fà á, omi nìkan kọ́ ló ń jáde, yanrìn abẹ́ ilé yín náà ń bá a lọ. Ẹ bu omi tó ń jáde sínú ike funfun, ẹ jẹ́ kó jókòó díẹ̀. Tí yanrìn bá tò sí ìsàlẹ̀ ike, ẹ dá ẹ̀rọ dúró. Dírọ́ọ̀mù tí a dá ihò sí lára, tí a fi aṣọ asẹ́ wé, tí a sì da òkúta wẹ́wẹ́ yí ká, ni kí ẹ rì sí igun ihò, inú rẹ̀ ni kí ẹ̀rọ ti máa fa omi. Láti ìgbà tí ẹ bá ti da kọnkéré títí pọ́ọ̀lù fi máa kún, ẹ̀rọ yẹn kò gbọ́dọ̀ kú mọ́jú. Jẹnẹrétọ̀ kejì kì í ṣe àṣejù.

Irin Bẹ́ńdà Mushin
Rọ́ọ̀dù 12 mílímítà, àlàfo 150 síra, ní ìbú àti ní òró, ìpele méjì nínú fulọ́ọ̀, ìpele méjì nínú ògiri. Pẹ̀lú fulọ́ọ̀ tó yọ síta tí ẹnjiníà sọ, ẹ ka tọ́ọ̀nù 2.4, nǹkan bíi ọ̀pá 225, àsopọ̀ àti àgékù ti wà nínú rẹ̀.

Ẹ wọn irin lọ́jà kí ẹ tó sanwó. Ọ̀pá 12 tó jẹ́ ojúlówó, tó gùn ní mítà 12, gbọ́dọ̀ wúwo tó kílò 10.6. Èyí tó wúwo ní kílò 8 àti díẹ̀ wà lọ́jà, wọ́n á sì pè é ní 12 lójú yín. Ẹ gbé ọ̀pá mẹ́wàá sórí òṣùwọ̀n, ẹ má gbé ẹyọ kan.

Ibi tí ọ̀pá ti so mọ́ ọ̀pá, kó gùn ní mílímítà 600, kí àwọn àsopọ̀ má sì wà lójú ìlà kan náà. Igun ni ọ̀pọ̀ ń bàjẹ́: wọ́n á kàn tẹ ọ̀pá inú yípo igun. Tí omi bá ń ti ògiri láti inú, ọ̀pá yẹn á fẹ́ nà gbọọrọ, á sì tú kọnkéré igun jáde. Ọ̀pá inú ògiri kan gbọ́dọ̀ kọjá lọ sí ìta ògiri kejì kó tó tẹ̀, kí ẹ sì fi irin onígun kún un.

Bísíkíìtì kọnkéré tó ga ní 50 ni kí ẹ fi gbé irin sókè kúrò lórí ilẹ̀. Òkúta, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, àgékù pákó: ẹ lé wọn kúrò níbẹ̀. Pákó á jẹrà, omi á sì bá ihò rẹ̀ dé ara irin.

Ará Sangótẹ̀dó
Ẹ ṣé gan-an. Kọnkéré ńkọ́? Ká po ó lọ́wọ́ ni àbí ká ra èyí tí wọ́n ń gbé wá nínú ọkọ̀? Ṣé wọ́n lè da fulọ́ọ̀ lónìí, kí ògiri di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?

Bíríkìlà Àgbà
Ó ṣeé ṣe, ibi àpéjọ fulọ́ọ̀ àti ògiri ni kí ẹ fi ojú sí. Àwọn wọ̀nyí ni mo máa ń wò tí wọ́n bá ní pọ́ọ̀lù ń jò, ó sì ń jẹ́ ọ̀kan nínú wọn lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ kọ́kọ́ da kọnkéré fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ 50 mílímítà sórí ilẹ̀ tí ẹ ti gún, 1:3:6 (sìmẹ́ǹtì, yanrìn, gíránáìtì), kí irin bẹ́ńdà má bàa ṣiṣẹ́ nínú ẹrẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń da fulọ́ọ̀, ẹ da ìdí ògiri pọ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà, kó ga ní 150. Àárín ìdí ògiri yẹn ni rọ́bà ìdènà omi máa dúró sí, èyí tó fẹ̀ ní 200 tàbí 250, ìdajì rẹ̀ nínú kọnkéré, ìdajì lókè tó ń dúró de ògiri. Wáyà ni kí ẹ fi so etí rẹ̀ mọ́ irin. Ẹ má ṣe kàn án níṣòó láàárín. Tó bá wọ́ tàbí tó bá dùbúlẹ̀ nígbà tí kọnkéré ń bọ̀ lé e, ó sàn kí ẹ má tilẹ̀ rà á, torí ihò ló máa wà lábẹ́ rẹ̀. Àsopọ̀ rọ́bà náà, iná ni wọ́n fi ń yọ́ ọ pọ̀, a kì í fi ọ̀kan lé èkejì.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha ojú ìdí ògiri títí òkúta á fi hàn, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ kó lẹ́búlẹ́bú pákó àti àgékù wáyà kúrò. Ohun tó ń mú kó jò níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni lẹ́búlẹ́bú pákó tí kápẹ́ńtà gé sínú fọ́ọ̀mù (pákó tí a kàn láti gba kọnkéré) tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ jáde.

Ìpòpọ̀ jẹ́ 1:1.5:3. Ẹ jẹ́ kí kápẹ́ńtà kan àpótí kan, sẹ̀ǹtímítà 40 sí 35, kó jìn ní 25. Lítà 35 nìyẹn, ó sì bá àpò sìmẹ́ǹtì kan dọ́gba. Yanrìn àpótí kan àbọ̀, gíránáìtì àpótí mẹ́ta, omi kò gbọ́dọ̀ ju lítà 22 lọ sí àpò kan, tí yanrìn bá tutù ẹ tún dín in kù. Bárò àti ṣọ́bìrì kì í ṣe òṣùwọ̀n. Sìmẹ́ǹtì 42.5 ni kí ẹ rà, 32.5 fún rírẹ́ ògiri ni, SON, àjọ tó ń ṣọ́ ojúlówó ọjà, ti sọ ọ́ láti 2014.

Lápapọ̀, pẹ̀lú ìdànù, kúbíkì mítà 25: sìmẹ́ǹtì àpò 200, yanrìn ṣáápù kúbíkì mítà 10 àti àbọ̀, gíránáìtì mílímítà 20 kúbíkì mítà 21. Yanrìn odò ni o, kì í ṣe ti etí òkun. Iyọ̀ á jẹ irin yín láti inú. Ẹ bu yanrìn sínú ìgò, ẹ da omi sí i, ẹ mì í, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí yanrìn bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 10, tí ẹrẹ̀ tó jókòó lórí rẹ̀ sì ju mílímítà 8 lọ, ẹ dá a padà.

Fún fulọ́ọ̀, tí ọkọ̀ lè wọlé, ẹ ra ti ọkọ̀, torí kúbíkì mítà 14 lọ́jọ́ kan pọ̀ lọ́wọ́. Kí ẹnìkan dúró ti dírẹ́bà: kò gbọ́dọ̀ fi omi kún un kó lè yára ṣàn. Ògiri, tó jẹ́ kúbíkì mítà 9 àti díẹ̀, ẹ lè po ó pẹ̀lú ẹ̀rọ ìpokọnkéré, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kó má sì dúró títí tó fi tán. Ẹ máa dà á yípo ní ìpele sẹ̀ǹtímítà 45, kí ẹnu fáíbírétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń gbọn kọnkéré kó lè kì) wọ inú ìpele tó wà nísàlẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́. Bí ẹ bá da ẹ̀gbẹ́ kan tán kí ẹ tó lọ sí èkejì, ibi tí wọ́n bá ti pàdé á di ojú ọ̀nà omi.

Pọ́lọ́ńbà Ìkòròdú
Ẹ jọ̀ọ́, kí bíríkìlà má da fulọ́ọ̀ kí pọ́lọ́ńbà tó dé! Páìpù ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí irin tó bo ó.

Main drain, ìyẹn ẹnu tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ pọ́ọ̀lù, méjì ni, kí wọ́n jìnnà síra ju mítà 1 lọ, kí páìpù kan náà so wọ́n pọ̀. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, tí ọmọdé sì jókòó lé e, ẹ̀rọ lè fà á mọ́lẹ̀ débi tí àgbàlagbà kò ní lè yọ ọ́. Ìbòrí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí irun kò lè wé mọ́. Skimmer, ẹnu tó ń fa ewé àti ìdọ̀tí ojú omi, ẹyọ kan tó fún ìwọ̀n yín, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé ewé lọ. Ẹnu ìdápadà omi méjì, ní òdìkejì skimmer.

Kúbíkì mítà 48, kí gbogbo rẹ̀ yípo láàárín wákàtí 6: ẹ̀rọ tó lè fa kúbíkì mítà 8 ní wákàtí kan ni ẹ nílò. Páìpù íńṣì 2 gbà á. Asẹ́ oníyanrìn tó fẹ̀ ní mílímítà 600 ni kí ẹ rà. 500 á ṣe é, àmọ́ omi á máa sáré kọjá nínú yanrìn jù. Àwọn kan á ta ẹ̀rọ ńlá họ́ọ̀sì 2 fún yín pé ó lágbára: omi kò ní mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, jẹnẹrétọ̀ ni yóò kérora.

Ibikíbi tí páìpù bá ti gba ògiri kọjá, ẹ fi èyí tó ní etí yíká, tàbí kí ẹ fi rọ́bà tó ń wú tó bá rí omi wé e ní àárín ìnípọn ògiri. Ẹ má fi sílẹ̀ pé ẹ ó gbẹ́ ògiri tó bá yá. Kí ẹ tó da kọnkéré, ẹ dí gbogbo ẹnu, ẹ fún un ní ìtẹ̀ omi bar 2, kó sùn níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kí géèjì náà ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń da kọnkéré lọ́wọ́: tí ẹnìkan bá fẹsẹ̀ tẹ páìpù tó sì fọ́, ẹ ó rí i lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ Olúbàdàn
Fún àwọn tó ń kà á láti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta: omi ilẹ̀ kọ́ ni ìṣòro wa níbí lọ́pọ̀ ibi, àpáta ni. Ẹ má jẹ́ kí apá kan pọ́ọ̀lù jókòó lórí àpáta kí apá kejì wà lórí yẹ̀ẹ̀pẹ̀ tí a kó dà síbẹ̀. Ti yẹ̀ẹ̀pẹ̀ á wọlẹ̀, ti àpáta kò ní lọ síbì kan, kọnkéré á sì sán lójú ààlà wọn. Ẹ gbẹ́ àpáta náà jìn sí i ní 150, kí ẹ da èérún òkúta sí i, kí ẹ gún un dáadáa. Ẹ̀rọ tó ń gún òkúta ni kí ẹ fi fọ́ ọ. Táyà tí wọ́n ń dáná sun lórí àpáta kò dára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí ẹ ń tún ṣe.

Ará Sangótẹ̀dó
Ẹnjiníà, pọ́lọ́ńbà wa ní fáàfù kan wà tí wọ́n ń fi sínú main drain, tó ń ṣí fúnra rẹ̀ tí omi ilẹ̀ bá ń tì í. Ṣé kò ní jẹ́ ká dín kọnkéré kù?

Ẹnjiníà Ètí-Òdò
Ẹ fi sí i, ẹ má sì gbára lé e. Ó ń ṣiṣẹ́: tí omi ìta bá lágbára ju ti inú, á ṣí, omi ilẹ̀ á wọlé, pọ́ọ̀lù á dúró. Ṣùgbọ́n èérún yanrìn kan ṣoṣo tó bá há sẹ́nu rẹ̀ kò ní jẹ́ kó padé, pọ́ọ̀lù á wá máa jò lábẹ́, ẹ ó sì máa wá a kiri lára táìlì.

Páìpù ìṣọ́ omi ni mo fọkàn tán jù. Páìpù 110 mílímítà, ẹ dá ihò sí ìdajì rẹ̀ ìsàlẹ̀, ẹ fi aṣọ asẹ́ wé e, ẹ rì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi jíjìn títí dé abẹ́ fulọ́ọ̀, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ yíká. Kí ìdérí rẹ̀ wà lójú interlock. Kí ẹnikẹ́ni tó fa omi pọ́ọ̀lù, kó ju okùn sínú páìpù yẹn kó wo ibi tí omi ilẹ̀ dé. Tó bá ti wà lókè fulọ́ọ̀, ẹ fi ẹ̀rọ fa inú páìpù náà wálẹ̀ ná, tàbí kí ẹ sún iṣẹ́ náà di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Oníná Ṣómólú
Ìlà méjì péré. Iná inú omi kò gbọ́dọ̀ ju fóltì 12 lọ, kí tiransifọ́mà rẹ̀ wà ní yàrá ẹ̀rọ, kí páìpù wáyà rẹ̀ sì gòkè ju ojú omi lọ kó tó ṣí sí ibìkan. Ẹ̀rọ àti iná gbọ́dọ̀ gba inú RCD 30 mA (ohun tó ń gé iná tí iná bá ń jò) kọjá, kí irin pọ́ọ̀lù, àkàbà irin àti ara ẹ̀rọ ìfami sì so pọ̀ mọ́ wáyà ilẹ̀ kan náà, kí kọnkéré tó bo irin.

Ará Sangótẹ̀dó
Ó yé mi. Tí kọnkéré bá ti gan, ọjọ́ mélòó ká tó lẹ táìlì? Wọ́tàpúrúùfù ńkọ́?

Bíríkìlà Àgbà
Ẹ bomi rin ín fún ọjọ́ 7 gbáko. Fulọ́ọ̀, ẹ sé omi lé e lórí. Ògiri, ẹ fi àpò ìdọ̀họ tó tutù bò ó, kó má gbẹ lálẹ́. Tí wáyà tí kápẹ́ńtà fi di fọ́ọ̀mù bá gba inú ògiri kọjá, ẹ gbẹ́ ẹnu rẹ̀ wọlé ní 25, ẹ gé wáyà, ẹ fi àpòpọ̀ tí kì í súnkì dí i. Ibi tí òkúta bá dá ihò sí, ẹ gbẹ́ ẹ dé ibi tó le. Ẹ má fi sìmẹ́ǹtì lásán pa á lójú.

Ẹ má tíì da yanrìn padà sẹ́yìn ògiri. Ẹ pọn omi kún pọ́ọ̀lù báyìí, kọnkéré lásán, lẹ́yìn ọjọ́ 28, kí ẹ̀rọ ìfami ìta máa ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kó mu omi fún ọjọ́ 7, torí kọnkéré gbígbẹ á mu díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi pọ́ọ̀lù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé e sórí àtẹ̀gùn inú pọ́ọ̀lù, ẹ sàmì sí omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì àti omi pọ́ọ̀lù lára bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ẹ sì pa ẹ̀rọ ìyípo. Bí ọjọ́ kan bá kọjá, tí ti pọ́ọ̀lù bá sọ̀kalẹ̀ ju ti bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ, ó ń jò. Ìta ṣì ṣí, ẹ ó rí ibi tó ti tutù. Ẹ tún un ṣe láti ibẹ̀. Tó bá ti yege, ẹ da yanrìn padà ní ìpele 200, kí ẹ máa fi ẹ̀rọ ọwọ́ gún un. Interlock tó máa ń wọlẹ̀ létí pọ́ọ̀lù, ibi yìí ni wọ́n ti sáré.

Wọ́tàpúrúùfù: oníapá méjì tí a fi sìmẹ́ǹtì ṣe, ìkunpọ̀ méjì, kí àpapọ̀ rẹ̀ nípọn tó mílímítà 2, kí èkejì dábùú èkíní. Igun fulọ́ọ̀ àti ògiri, ẹ fi àpòpọ̀ yí i kó rọ̀ kí ẹ tó kùn ún. Ìrànlọ́wọ́ ni o, kọnkéré gan-an ni ohun tó ń gba omi dúró. Gọ́ọ̀mù táìlì pọ́ọ̀lù ni kí ẹ fi lẹ ẹ, ẹ má fi omi sìmẹ́ǹtì lẹ ẹ, kí ó sì dúró ó kéré tán ọjọ́ 14 kí omi tó wọ̀ ọ́.

Pọ́lọ́ńbà Ìkòròdú
Nípa omi tí ẹ máa pọn sí i: omi boreholu lágbègbè yín sábà máa ń ní irin nínú. Á mọ́ gaara nígbà tó ń wọlé, tí ẹ bá da kílórínì sí i, gbogbo rẹ̀ á pọ́n bí omi ẹ̀pà. Ẹ dán an wò nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣáájú. Tó bá pọ́n, ẹ kọ́kọ́ gba omi náà kọjá nínú asẹ́ irin, tàbí kí ẹ ra tánkà lítà 10,000 márùn-ún. Omi tí ẹ bá fi fọ asẹ́, tí géèjì rẹ̀ bá ti fi bar 0.5 ga ju ti ìgbà tó mọ́ lọ, ẹ má darí rẹ̀ sínú sókáwéè. Omi yẹn pọ̀, kílórínì inú rẹ̀ á pa kòkòrò tó ń jẹ ìdọ̀tí níbẹ̀, sókáwéè á sì kún kíákíá. Ẹ gbẹ́ kòtò tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó jìnnà sí páìpù ìṣọ́ omi.